Ọjọ́ Orí Tí Mo Sọ fún Dókítà

Ẹ̀yin ọkùnrin ẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ lẹ́yìn wa, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Mo fẹ́ sọ bí jẹjẹrẹ ṣe wọ ara mi àti bí mo ṣe bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì fẹ́ jẹ́wọ́ irọ́ kan tó kù díẹ̀ kó gba àìsàn náà láyè láti ṣe ohun tó wù ú. Bàbá Sèmíù ni wọ́n ń pè mí ní Kétu. Táńkà omi ni mo ń wà káàkiri títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ẹni tó bá wa ọkọ̀ ńlá pẹ́ kì í gbọ́ ariwo kó má béèrè: kí ló ń dún, kí ló ń jò, ibo ló ti ń jò? Ìyàwó mi máa ń sọ pé bí mo bá dé ọ̀run, màá kọ́kọ́ bi àwọn màláíkà bóyá wọ́n rántí fi gírísì sí ilẹ̀kùn. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, kí ẹ má bàa rò pé akin ni mí. Mo kàn máa ń fẹ́ mọ ìdí ọ̀rọ̀ ni.

Mọ́ṣáláṣí ni mo ti kọ́kọ́ fura. Màá ṣe àlùwàlá tán, màá nu ẹsẹ̀, kí n tó dé orí ẹní, ìtọ̀ á ti yọ díẹ̀, àlùwàlá ti bàjẹ́ nìyẹn. Màá tún padà sídìí búta. Ìlà iwájú ni mo máa ń dúró sí, torí èmi ni olórí ẹbí wa nígbà náà, ẹbí wa ló sì fún wọn ní ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ mọ́ṣáláṣí náà sí. Ẹni tó bá ń dìde níwájú lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó kírun tán, gbogbo ojú ló máa sìn ín jáde. Mo bá sún sí ìlà kejì. Mo sún sí ìkarùn-ún. Nígbà tó yá, ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ń bọ́ bàtà sí ni mo wà. Àwọn èèyàn ń yìn mí pé mo ní ìrẹ̀lẹ̀. Kì í ṣe ìrẹ̀lẹ̀, ìtọ̀ ni.

Lẹ́yìn náà ni mo ṣàkíyèsí pé ìtọ̀ ọ̀hún kì í tètè wá. Màá dúró, màá dúró, á wá máa kán tó-tó-tó, á dúró, á tún bẹ̀rẹ̀. Mo tilẹ̀ ń fi aago wò ó. Ojoojúmọ́ ni mo ń wò ó, bí ìgbà tí mo máa ń wo bí omi ṣe ń jáde lẹ́nu páìpù ọkọ̀ mi. Nígbà tí ohun tí kì í ju ìṣẹ́jú kan lọ tẹ́lẹ̀ di ìṣẹ́jú mẹ́rin, mo mọ̀ pé ohun kan ti dí ọ̀nà. Ohun tó jẹ́ gan-an ni mi ò mọ̀.

Lọ́dọ̀ tiwa, bí ìtọ̀ ọkùnrin bá ti ń ṣe ségesège, orúkọ kan ṣoṣo ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí èèyàn lọ́kàn, àtọ̀sí. Ìyá Sèmíù kò sọ ọ́ jáde. Ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ aṣọ mi lọ́tọ̀, lọ́jọ́ kan ó sì bi mí jẹ́jẹ́ bóyá kò sí ohun kankan tí mo fẹ́ bá òun sọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Èmi tí mo ti di bàbá àgbà! Àbúrò rẹ̀ gbé àgbo kẹ́ẹ̀gì kan wá láti Ṣágámù. Ràfíù náà gbé tirẹ̀ wá nínú ike. Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Ràfíù jẹ́, torí ọ̀rọ̀ yìí kò ní parí láìsí i. Bàbá kan náà ló bí wa, ìyá wa ló yàtọ̀. Télọ̀ ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Ìkòsí. Láti kékeré ló ti ń pè mí ní Ẹ̀gbọ́n, kì í jókòó kí n tó jókòó, bí mo bá sì wọlé, kò sí bí iṣẹ́ ṣe lè há a mọ́wọ́ tó, á dọ̀bálẹ̀ kí mi.

Mo mu àgbo méjèèjì. Ọ̀kan korò, ìkejì dùn díẹ̀, ìgbẹ́ gbuuru ni méjèèjì fún mi. Ìtọ̀ kò yí padà. Oṣù mẹ́fà ni mo fi ń mu wọ́n, oṣù mẹ́fà yẹn ni mo sì ń kábàámọ̀ jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Lọ́jọ́ kan, àwọn elétò ìlera wá sí gbọ̀ngàn àdúgbò wa, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ yẹ àwọn ọkùnrin wò lọ́fẹ̀ẹ́. Díẹ̀ ló lọ. Púpọ̀ nínú àwọn tó lọ, ìyàwó wọn ló fà wọ́n lọ́wọ́. Ohun tó gbé mi lọ ni pé mo fẹ́ mọ bí ẹ̀jẹ̀ inú apá ṣe lè mọ ọ̀rọ̀ ìtọ̀. Nọ́ọ̀sì tó gba ẹ̀jẹ̀ mi rẹ́rìn-ín, ó ní kinní kékeré kan wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, pírọ́sítéètì ni wọ́n ń pè é, ọ̀nà ìtọ̀ sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Bí kinní náà bá ní ìṣòro, ohun kan máa ń pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀, òǹkà rẹ̀ sì ni wọ́n ń wá. Ó bi mí ní ọjọ́ orí mi. Mo ní ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n pè mí pé òǹkà mi ga, kí n lọ sí ọsibítù ìjọba. Nọ́ọ̀sì náà ní kí n má bẹ̀rù, pé òǹkà tó ga kò túmọ̀ sí jẹjẹrẹ dandan, pé kinní náà máa ń wú lásán fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà. Ó tún ní àwọn kan wà tí jẹjẹrẹ ń jẹ tí ìtọ̀ wọn ń yọ geerege. Àyẹ̀wò nìkan ló lè sọ èyí tó jẹ́.

Ẹni tí kò bá tíì lọ tò sórí ìlà ní ọsibítù ìjọba kò mọ sùúrù. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí mo fi dé ibẹ̀, èmi ni mo sì wà ní ipò kẹtàdínlógójì. Ọkùnrin nìkan ló wà lórí bẹ́ǹṣì wa. Mo bi ẹni tó wà lápá ọ̀tún mi ohun tó ń ṣe é, ó ní ẹ̀yìn ń dun òun. Mo bi ẹni tó wà lápá òsì, ẹ̀yìn ń dun òun náà. Àwọn náà bi mí, mo ní ẹ̀yìn. Bẹ́ǹṣì odindi, ẹ̀yìn ló ń dùn wá! Ìgbà tó di nǹkan bí agogo mẹ́wàá ni bàbá kan láti Ifákọ̀ dìde lẹ́ẹ̀kẹrin lọ sí ilé ìtọ̀, ó padà dé, ó ní, “Ẹ̀yin èèyàn, kí la ń fi pamọ́ fún ara wa ná? Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ̀yin ń jí lóru?” Ẹnu gbogbo wa bá là. Ọ̀kan ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún, ọ̀kan ní ẹ̀ẹ̀meje, ọ̀kan ní ike lòun gbé sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. A ń fi tiwa wé ti ara wa bí àwọn ọmọdé tó ń ka èso àgbálùmọ̀, ara sì tù mí lọ́jọ́ náà ju ti oṣù mẹ́fà àgbo lọ.

Nípa ìka, mo mọ̀ pé òun lẹ̀yin ọkùnrin ń dúró kí n sọ. Bẹ́ẹ̀ ni, dókítà máa ń wọ ìbọ̀wọ́, á fi ìka kan yẹ èèyàn wò láti ìdí. Mo rí ọkùnrin méjì tó gbọ́ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n gbé fìlà wọn lọ sílé. Dókítà tèmi kéré sí Sèmíù ọmọ mi, ó sì tọrọ gáfárà kó tó bẹ̀rẹ̀. Mo bi í pé kí ni ìka rẹ̀ ń wá. Ó ní kí n tẹ ẹran ìsàlẹ̀ àtàǹpàkò ara mi. Ó rọ̀. Ó ní bí ti ara tó dá ṣe máa ń rí nìyẹn. Ó ní kí n wá di ẹ̀ṣẹ́, kí n tẹ oríkèé ìka. Ó le. Ó ní bí èyí tí àwọn ń bẹ̀rù ṣe máa ń rí nìyẹn. Àyẹ̀wò náà kò tó àsìkò tí èèyàn fi ń ka Fátíà. Nígbà tó yọ ọwọ́, mo bi í èwo ni tèmi. Ó lọ fọ ọwọ́ rẹ̀.

Wọ́n fi abẹ́rẹ́ bu ẹran díẹ̀ nínú kinní náà lọ fún àyẹ̀wò. Ó dùn mí, mo sì tọ ẹ̀jẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Owó oríṣiríṣi àyẹ̀wò náà kò kéré, àwọn ọmọ mi ló dá a láàárín ara wọn. Ọjọ́ tí èsì jáde, Ràfíù ló tẹ̀ lé mi wọlé, ó di fìlà mi mú sórí orúnkún rẹ̀. Dókítà ní jẹjẹrẹ ni. Ẹ̀rù bà mí, mi ò lè purọ́, ẹ̀rù bà mí débi pé mo ń wo bọ́tìnnì aṣọ rẹ̀ mo sì ń kà wọ́n. Ó yá mi láti béèrè nǹkan, ṣùgbọ́n ìbéèrè kankan kò wá. Òun fúnra rẹ̀ ló mú bébà, ó ya àpò ìtọ̀ sí i, ó ya kinní náà, ó fi àmì sí ibi tí àìsàn wà. Ó ní ó ṣì wà nínú ilé rẹ̀, kò tíì jáde lọ sínú eegun.

Mo bi í kí ni a máa ṣe. Ó ní àwọn ọ̀nà wà, àmọ́ wọ́n máa ń wo ọjọ́ orí àti okun ara. Fún ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin, wọn kì í sábà fi ọ̀bẹ kàn án. Wọ́n á máa ṣọ́ ọ, wọ́n á máa fún un ní abẹ́rẹ́ tó ń dá àìsàn náà dúró, torí iṣẹ́ abẹ lè ṣe é léṣe ju àìsàn lọ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹni tó sún mọ́ àádọ́rin ọdún, tí ara rẹ̀ le bíi tèmi, tí àìsàn rẹ̀ kò sì tíì jáde lọ síbì kankan, àwọn ì bá sọ̀rọ̀ nípa kí wọ́n yọ ọ́ kúrò pátápátá. Ó wá wò mí dáadáa.

“Bàbá, ṣé mẹ́tàdínlọ́gọ́rin yín pé lóòótọ́?”

Ràfíù ló dáhùn kí n tó la ẹnu. Ó ní, “Ó pé, Dókítà. Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n. Èmi gan-an ti pé méjìléláàádọ́rin.”

Èmi náà ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ wò ó, mo mọ̀ pé kò pé. Nígbà tí mo fẹ́ gba ìwé àṣẹ ọkọ̀ ńlá nígbà èwe mi, ọdún mi kò tó, mo bá lọ búra ọjọ́ orí ní kóòtù, mo fi mẹ́rin lé e. Láti ìgbà náà ni ọdún mẹ́rin yẹn ti ń bá mi rìn káàkiri. Nígbà tí mo yọ ọ́ kúrò lọ́kàn mi, ó ku mẹ́tàléláàádọ́rin. Mo ṣì ju Ràfíù lọ ní ọdún kan, ipò olórí ẹbí ṣì jẹ́ tèmi. Nínú ẹbí wa, ọkùnrin tó bá dàgbà jù ló ń jẹ́ olórí, òun ló ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, kò sí ẹni tó ń tọwọ́ bọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti sọ̀rọ̀. Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti wà níbẹ̀. Ó dùn mọ́ mi. Bí mo ṣe rí i pé òtítọ́ kò ní gba ipò náà lọ́wọ́ mi, èmi nìkan padà lọ bá dókítà, mo jẹ́wọ́ ọdún mẹ́rin. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹnu kò lè yí ohun tó wà nínú fáìlì padà, pé òun máa gbé ọ̀rọ̀ mi síwájú àwọn ọ̀gá òun, kí n wá ìwé kan tàbí àgbà kan tó mọ ìgbà tí wọ́n bí mi. Ó ní kí n má fi falẹ̀.

Ní ti Ràfíù, kò sí àríyànjiyàn. Ọjọ́ ìkómọ rẹ̀ ni wọ́n ti kọ ọjọ́ náà sẹ́yìn Kùránì bàbá wa. Ní tèmi, ìdílé ìyá mi ní Agboyi ni wọ́n bí mi sí, ẹnikẹ́ni kò kọ nǹkan kan. Mo bá wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Agboyi, lọ bá àbúrò ìyá mi kan ṣoṣo tó kù láyé, Ìyá Mónsúrá. Ojú rẹ̀ ti ṣú, ọpọlọ rẹ̀ kò ṣú rárá. Mónsúrátù ọmọ rẹ̀, tó ń pè mí ní Bọ̀dá, jókòó tì í, ó ń ha ìpẹ́ ẹja. Mo bi ìyá náà ọdún tí wọ́n bí mi. Ó ní òun ò mọ ọdún, àmọ́ òun mọ ọjọ́ náà.

“Ọjọ́ tí ìyá ẹ bí ẹ, Mónsúrá yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn ni, àga ló ń dì mú. Ọwọ́ kan ni mo fi gbà ẹ́, mo ń fi ọwọ́ kejì lé e kúrò nídìí omi gbígbóná.”

Mónsúrátù dá ọwọ́ dúró lórí ẹja. Ọsibítù àwọn onígbàgbọ́ kan ni wọ́n ti bí i, torí ìrọbí rẹ̀ le, káàdì ìbí rẹ̀ sì wà nínú agolo bísíkíìtì. Ó lọ gbé e wá. A ṣírò rẹ̀. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni Mónsúrátù. Èmi jẹ́ àádọ́rin.

Mo ní báwo ló ṣe wá jẹ́ pé èmi ni mo ju Ràfíù lọ. Ìyá náà sọ fún mi pé lẹ́yìn ikú bàbá mi, nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà, àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi mú mi wá sí Kétu kí n lè lọ síléèwé. Tíṣà ní kí èmi àti Ràfíù gbé ọwọ́ ọ̀tún kọjá lórí, ká fi kan etí òsì, torí bí wọ́n ṣe ń mọ ọmọ tó ti tó ilé ìwé nìyẹn. Apá mi gùn, ó kan etí. Ti Ràfíù kò kàn án, wọ́n lé e padà sílé títí ọdún fi yí po. Ìyá mi ló ti kọ́kọ́ wọlé ọkọ ṣáájú ìyá rẹ̀, mo sì ga jù ú lọ, gbogbo ilé bá gbà pé èmi ni àgbà. Ìyá mi kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìyá Ràfíù ti kú, kò sí ẹni tó máa jà fún un. Mónsúrátù wò mí, ó ní, “Ṣé èmi ni mo ti ń kúnlẹ̀ kí àbúrò mi láti ọjọ́ yìí wá?” A rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ọkọ̀ ń gbé mi padà lórí omi, pẹ̀lú káàdì tó yá mi lápò, mi ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ìwé kan ṣoṣo tó lè gbà mí là nìyẹn, òun náà ló máa gbé mi kúrò lórí àga. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi fi káàdì yẹn sábẹ́ ìrọ̀rí. Mo rò ó títí: bí mo bá gba abẹ́rẹ́ lásán, bóyá ó máa dá a dúró. Bóyá kò ní dá a dúró. Ìyá Sèmíù ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu mi. Ó gbé oúnjẹ síwájú mi, ó ní, “Ṣé orí àga olórí ẹbí lẹ fẹ́ kú sí ni?” Ó sì jáde. Mi ò jẹ oúnjẹ náà.

Mo lọ bá Ràfíù ní ṣọ́ọ̀bù. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, mo dì í lọ́wọ́ mú. Mo gbé káàdì náà sórí maṣín rẹ̀, mo sọ ohun tí ìyá Agboyi sọ, mi ò fi ohunkóhun pamọ́, títí kan ọdún mẹ́rin ti kóòtù. Ó kà á, ó tún un kà. Ó fi okùn tí wọ́n fi ń wọn aṣọ kọ́ ọrùn, ó mú un kúrò, ó tún fi kọ́ ọ.

“Gbogbo ìdọ̀bálẹ̀ tí mo ti dọ̀bálẹ̀ yẹn ńkọ́?”

Ó tẹ maṣín rẹ̀, ó ń rán aṣọ lọ. Ojú tì mí ju ti ọjọ́ ìka lọ. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi wà tí kò yọjú sílé mi, kò sì gbé fóònù. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ padà sí ọsibítù, mo jáde, mo bá a lẹ́nu géètì, ó ti pe kẹ̀kẹ́ dúró. Kò kí mi. Ó wọlé tọ dókítà pẹ̀lú mi, ó gbé káàdì sórí tábìlì, ó sọ ohun tí ìyá Agboyi sọ, ó ní, “Ẹ pa mẹ́tàdínlọ́gọ́rin yẹn rẹ́. Ọmọ àádọ́rin ọdún ni.” Òun náà ló fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ abẹ, ibi tí wọ́n ti béèrè ohun tó jẹ́ sí mi, ó kọ ọ́ pé ẹ̀gbọ́n ni òun.

Wọ́n fún mi láǹfààní láti yan iṣẹ́ abẹ tàbí ìtànṣán tí wọ́n fi ń jó àìsàn náà. Mo bi wọ́n ní ìbéèrè títí dókítà fi ń wo aago, mo wá mú iṣẹ́ abẹ. Mi ò ní tàn yín, kò rọrùn. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi gbé rọ́bà ìtọ̀ kiri. Lẹ́yìn tí wọ́n yọ ọ́, ìtọ̀ ń dà fúnra rẹ̀ fún oṣù mélòó kan, mo ń lo ìlédìí bí ọmọ ọwọ́. Ọ̀rọ̀ iyàrá èmi àti ìyàwó mi náà kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n a bá dókítà sọ ọ́, a sì ń bá ara wa sọ ọ́, ohun tí a kò ṣe rí látìgbà tí a ti fẹ́ra. Ní báyìí, ó ti lé ní ọdún kan. Ìtọ̀ mi ń yọ kíá, àfi tí mo bá sín tàbí tí ẹ̀rín bá pa mí ni ó máa ń kán díẹ̀. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ mi yẹ̀ wò, òǹkà náà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di òfo. Mo ṣì máa ń bẹ̀rù bí mo bá ń dúró de èsì. Wọ́n ní ẹ̀rù yẹn kì í lọ bọ̀rọ̀.

Mo pe ẹbí jọ, mo dọ̀bálẹ̀ fún Ràfíù lójú gbogbo wọn, mo sì bọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Àwọn kan ní kí n dákẹ́, pé ọ̀rọ̀ tó ti gbó ni. Ràfíù bọ́ sórí àga náà, ó jókòó. Mo sọ fún un lójú gbogbo ilé pé dókítà ní àìsàn yìí máa ń rìn láàárín ọmọ bàbá kan náà, pé kí gbogbo ọkùnrin wa lọ yẹ ara wọn wò. Wọ́n ń wo ojú olórí ẹbí. Ó ní òun ló dàgbà jù, òun ló máa kọ́kọ́ lọ.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni a lọ. Mo jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì, mo ti sọ gbogbo ohun tó máa rí fún un. Wọ́n pè é wọlé, ó pẹ́ díẹ̀, ó jáde, ó ń tún bẹ́líìtì rẹ̀ dì. Mo bi í kí ni dókítà sọ. Ó ní wọ́n ní kí òun dúró de èsì ẹ̀jẹ̀, a kò sì tíì rí i títí mo fi ń sọ èyí. Ó jókòó. Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi, láìwo ojú mi, “Mùfú, lọ bá mi ra omi tútù wá.” Láti bí ọdún mẹ́wàá, kò sí ẹni tó pe orúkọ mi, kò sì sí ẹni tó rán mi níṣẹ́ nínú ẹbí wa. Mo dìde, mo lọ rà á.